Aró Lẹ́yìn Àjálù: Ẹ̀kọ́ Ìkòkò Aláró fún Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbà

Mo júbà àwọn ìyá aláró tó ti lọ. Mo júbà àwọn tó ṣẹ́ kù, tí ọwọ́ wọn ṣì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn ló ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Èmi kàn wá bá wọn jẹ́ iṣẹ́ ni.

Ẹwà àdìrẹ kọ́ ni mo bá wá síbí. Ẹwà ti ní agbẹnusọ tó pọ̀: gbajúmọ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ síbi àríyá, oníṣọ̀nà ń gbé e kọ́ ara ògiri, àlejò ń rà á lọ sílé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kan ilé àti oúnjẹ. Bí ogun, iná, omíyalé tàbí ìlékúrò bá fọ́ ìlú, kí ni iṣẹ́ aró lè ṣe láti mú ìlú náà bọ̀ sípò? Ìdáhùn mi kò gùn. Ó lè ṣe púpọ̀, ó sì ti ṣe é rí ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ló ń ṣe é. Ètò tó wà lẹ́yìn aṣọ ni: ta ló gbin elú tí ewé rẹ̀ ń di aró, ta ló mọ ìkòkò, ta ló ni owó òkòwò, ta ló ń rà, ta ló sì ń ṣọ́ ọ kí iṣẹ́ má bàjẹ́. Níbi tí ètò yìí bá dúró sí, aró ń bọ́ ìlú. Níbi tó bá ti já, ìkòkò aró á di ohun tí àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀.

Ogun tó tú Ọ̀yọ́-Ilé ká

Kí ogun tó dé, aró ti wà. Ní ìparí ọdún 1825, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, Hugh Clapperton, gba Àgbádárìgì wọlé, ó ń lọ bá Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tó dé Ìjànná, ìlú kan tó wà lábẹ́ àṣẹ Ọ̀yọ́ nígbà náà ní ìhà Ẹ̀gbádò, ó bá ilé aró mẹ́ta níbẹ̀, ìkòkò tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lé ní ogún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ pé elú ibẹ̀ dára púpọ̀, pé àwọn obìnrin ni aláró, àwọn ọmọkùnrin ni ahunṣọ. Ẹ fi ojú inú wo ìyẹn: ìkòkò aró tó lé ní ọgọ́ta nínú ìlú kan ṣoṣo tí àlejò kàn kọjá níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe ohun tí ìyá kan ń fi ọwọ́ òsì ṣe lẹ́yìn ilé.

Láàárín ọdún mẹ́wàá sí i, ilẹ̀ ti dàrú. Rògbòdìyàn tó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà Afọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́ tó ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, di ogun tó ń jó ìlú kan tẹ̀lé òmíràn. Ìjànná alára kò yè é. Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, tí Ọ̀yọ́ bá Ìlọrin jà, mú Aláàfin Olúewu lọ, Ọ̀yọ́-Ilé sì dahoro ní àárín àwọn ọdún 1830. Aláàfin Àtìbà ló kó àwọn tó ṣẹ́ kù jọ sí Àgọ́-Ọ̀jà, tó sì sọ ọ́ di Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà tipẹ́ ní tirẹ̀, láti ìgbà Ṣọ̀ún Ògúnlọ́lá, ṣùgbọ́n ogun yìí ló sọ ọ́ di ìlú ńlá. Kò ṣubú. Nítorí pé kò ṣubú, àwọn tí ìlú wọn tú ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Títí di òní, agbo ilé tó pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìtàn wọn bẹ̀rẹ̀ láti ìlú kan tí ogun pa rẹ́. Àwọn mìíràn gba Ìsẹ́yìn, Ìwó, Òṣogbo àti Ìbàdàn lọ. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nínú igbó tiwọn tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ohun tí obìnrin tó ń sá fún ogun lè gbé lọ. Kò lè gbé ìkòkò aró. Ìkòkò wúwo, ó sì ń fọ́. Kò lè gbé oko elú. Ọmọ ló máa pọ̀n. Ohun tó bá a dé ibi tó sá dé ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀: bí a ṣe ń tọ́ omi eérú wò, bí a ṣe ń gbọ́ òórùn aró tó ti jinná, ìgbà wo ni aṣọ kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ìkòkò. Ìdí nìyí tí orúkọ ìlú tí a fi ń ṣe àpèjúwe iṣẹ́ aró àti aṣọ híhun ní ilẹ̀ Yorùbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ìlú àwọn ìsáǹsá ogun náà: Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́. Ibi tí ogun kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ sí ni iṣẹ́ ọwọ́ ti gbilẹ̀.

Àwọn baba wa mọ̀ pé aró àti àjálù jọ ń rìn. Ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo sọ pé ọ̀dá omi ló lé àwọn olùtẹ̀dó rẹ̀, Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, kúrò ní Ìpólé, wọ́n wá omi dé etí odò Ọ̀ṣun, igi tí wọ́n gé wó lu odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Òrìṣà bínú, ó sọ̀rọ̀, wọ́n bá a dá májẹ̀mú, ìlú sì dúró. Ní Ìgbẹ́tì, tí kò jìnnà sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, Òkè Ìyámàpó ṣì ń jẹ́ orúkọ òrìṣà tí àwọn obìnrin aláró àti amọ̀kòkò ń bọ. Ẹ lè gba ìtàn wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ tàbí gẹ́gẹ́ bí àlọ́. Èyí ó wù kí ẹ gbà á sí, ìlú tó fi ìkòkò aró sínú ìtàn ìpìlẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni jíjẹ àti mímu òun ti ń jáde.

Ohun tó wà nínú ìkòkò

Kí ni iṣẹ́ yìí ní tí àjálù kò fi lè pa á tán? Ẹ jẹ́ kí a wo inú ìkòkò.

Ewé elú ni ìpìlẹ̀. Lonchocarpus cyanescens ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko sọ igi náà. Ẹbí kan náà ni òun àti ẹ̀wà. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú ni wọ́n ń já. Wọ́n á gún un nínú odó títí yóò fi dúdú, wọ́n á ṣù ú ní ìṣù tí ọwọ́ lè dì, wọ́n á sá a sóòrùn. Ìṣù elú tó gbẹ dáadáa ṣeé kó pamọ́, ó sì ṣeé rù lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn.

Eérú ló tẹ̀lé e. Wọ́n á lu ihò sí ìdí ìkòkò kan, wọ́n á gbé e lé orí òmíràn. Wọ́n á kó eérú igi sínú ti òkè, wọ́n á da omi lé e, omi á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Omi tó kán yìí ló ń gbé aró. Aláró á fi ìka pa á wò, á fi kan ahọ́n. Bí kò bá yọ̀ lọ́wọ́, bí kò bá ta lẹ́nu, á tún un sẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìṣù elú yóò wọ inú omi eérú, wọ́n á dé e, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Àwọ̀ elú kì í yòrò nínú omi lásán. Àwọn kòkòrò àìrí inú ewé ló ń yí i padà títí yóò fi lè yòrò kó sì wọnú òwú. Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i ni yóò máa yí padà lójú ẹni. Bí wọ́n bá rì í lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì, ayìnrín ni. Bí wọ́n bá ń rì í tí wọ́n ń sá a títí, á dúdú débi pé á máa dán.

Ẹ ka ohun èlò rẹ̀: ewé, eérú, omi, amọ̀. Kò sí èyí tí ọkọ̀ ojú omi máa gbé wá nínú wọn, kò sí èyí tí owó dọ́là ń pinnu iye rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nínú gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́, aláró ló ń gba eérú náà lọ́wọ́ iná tó kú, tó sì ń sọ ọ́ di owó. Eérú igi ni mo wí o. Eérú ọ̀rá àti ike tó jó mọ́ ṣọ́ọ̀bù kò sí nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ààlà sí ọ̀rọ̀ mi níbí. Ìkòkò aró kò lè bọ́ ẹni tí ebi ń pa lálẹ́ òní. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn àjálù, ìrẹsì, òrùlé, oògùn àti omi mímu ni ìlú ń fẹ́, ẹni tó bá gbé ìkòkò aró wá nígbà náà ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Àkókò aró ni ìgbà tí ọkọ̀ ìrànwọ́ bá ti padà, tí àwọn oníròyìn bá ti lọ, tí ìlú wá ku òun àti ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ń gùn jù, ibẹ̀ náà sì ni ètò ìrànwọ́ wa kì í dé.

Ọwọ́ púpọ̀ lórí aṣọ kan

Bí wọ́n bá fi owó ta obìnrin kan lọ́rẹ lẹ́yìn àjálù, obìnrin kan ló gbà á. Bí ìkòkò aró kan bá dìde, ẹ ka àwọn tó bá a dìde. Àgbẹ̀ tó gbin elú wà níbẹ̀. Ọmọ tó já ewé wà níbẹ̀, àti ìyá tó gún un. Amọ̀kòkò ta ìkòkò. Alákàrà, aláṣè àti alágbẹ̀dẹ rí ẹni ra eérú ààrò wọn. Ìyá àgbà tí kò lè rìn jìnnà mọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ran òwú. Láti ayébáyé, iṣẹ́ àwọn ìyá arúgbó ni òwú ríran. Ahunṣọ hun kíjìpá tàbí òfì. Bó bá jẹ́ àdìrẹ ni, ọlọ́wọ́ wẹ́wẹ́ kan á fi iko dì í kó di oníko, òmíràn á fi ìyẹ́ adìẹ kọ ọnà ẹ̀kọ láfún sí i kó di ẹlẹ́kọ. Aláró rẹ ẹ́. Ọ̀dọ́ tó lágbára fi igi lù ú kó lè tẹ́ kó sì dán. Alájàpá gbé e lọ sọ́jà.

Ẹ kíyè sí irú ènìyàn tí àwọn tí mo dárúkọ lè jẹ́: opó, arúgbó, ọmọdé tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ọ̀dọ́ tí kò ní iṣẹ́. Àwọn gan-an ni àjálù ń kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn náà ni ọ̀pọ̀ ètò ìrànwọ́ kì í rí iṣẹ́ fún. Nínú iṣẹ́ aró, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wà níbẹ̀ kí wọn tó dé.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní àǹfààní kan sí i nínú èyí. Ẹtù, aṣọ àgbà tí a fi òwú aláró hun, kò lè wà láìsí ìkòkò aró. Òwú ni wọ́n ń rẹ kí wọ́n tó gbé e lọ sórí òfì. Ní agbègbè tí ọkùnrin ti ń hun òfì láti Ọ̀yọ́ dé Ìsẹ́yìn, ọjà aláró kò gbọdọ̀ dúró de àlejò láti òkè òkun. Ahunṣọ tó wà ní àdúgbò kejì ló yẹ kó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Lóde òní, òwú aláràbarà tí ilé iṣẹ́ ti rẹ wá ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń rà. Mi ò bá wọn jà. Ó yá, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n owó tó yẹ kó wọ ọwọ́ aláró àti ẹlẹ́lú àdúgbò wa ń bá òwú náà jáde nílùú.

Abẹ́òkúta: bí okùn ṣe ń já

Ẹni tó bá ń yin iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ń ṣubú pẹ̀lú. Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n, nítorí òpìtàn Judith Byfield ti kọ odindi ìwé lórí àwọn obìnrin aláró ibẹ̀ láti 1890 sí 1940.

Lẹ́yìn tí àwọn ìsáǹsá ogun ti jókòó dáadáa, aró di ọrọ̀ ńlá ní Abẹ́òkúta. Aṣọ funfun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé, àwọn obìnrin sọ ọ́ di àdìrẹ, àwọn oníbàárà sì ń ti Sẹ̀nẹ̀gàl wá rà á nínú àwọn ọdún 1920. Ẹ wo ibi tí ewu wà: aṣọ kì í ṣe tiwọn mọ́, àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn alágbàtà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé láti 1929, owó kò wọlé mọ́, gbèsè kò sì lọ. Kí ni aláró ṣe? Ó wá ọ̀nà tó yá tó sì pọ́ọ́kú. Ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti gbé aró oníkẹ́míkà jáde sọ́jà láti 1897. Òun àti sódà kọ́sítíìkì ló wá gba ipò elú àti eérú. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló wọ iṣẹ́ náà tí kò kọ́ ọ délẹ̀, aṣọ ń ṣá, òmíràn ń jẹrà, oníbàárà sì ń ráhùn.

Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fòfin de sódà àti aró oníkẹ́míkà. Àwọn aláró kò dákẹ́. Wọ́n gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìjọba amúnisìn ń wádìí. Ọba fẹ́ kí orúkọ ìlú má bàjẹ́. Aláró fẹ́ kí ọmọ òun jẹun. Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ rò. Ohun tó sọnù láàárín wọn ni ẹgbẹ́ tó lágbára tó láti kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́, láti kọ aṣọ tí kò dára sílẹ̀, àti láti yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó kí alágbàtà má bàa so ó mọ́lẹ̀. Òfin lásán kò lè ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Ìdààmú tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ní nígbà yẹn kò tí ì kúrò nílẹ̀. Òní, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí lára nílẹ̀ òkèèrè ń wọ ọjà wa, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ọwọ́ lọ. Bí a bá fẹ́ fi owó pọ́ọ́kú bá a díje, a ti pàdánù kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó di ìkòkò mú

Ìtàn aró nílẹ̀ òkèèrè fi hàn pé ohun kan náà lè gbé ènìyàn ró, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ rì. Ní Bengal, ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn òyìnbó olóko fi gbèsè de àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń fi tipátipá mú wọn gbin elú sórí ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbin ìrẹsì sí. Ní 1859, àwọn àgbẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ṣọ̀tẹ̀, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1860. Aró ni àjálù tiwọn. Ewé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Ẹni tó ni oko àti ẹni tó ń dá iye lé e ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo Kàmbódíà. Ìjọba Khmer Rouge, láti 1975 sí 1979, pa ènìyàn rẹpẹtẹ, àwọn tó mọ aṣọ híhun àti ewé tí a fi ń rẹ òwú sì bá a lọ. Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Kikuo Morimoto, dá ilé ẹ̀kọ́ aṣọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1996. Àwọn ìyá àgbà díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló wá kàn, ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà ó gba ilẹ̀ nítòsí Siem Reap, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi: igi tí kòkòrò sílíìkì ń jẹ, òwú, àti igi tí a fi ń rẹ aṣọ. Abúlé tuntun dìde láàárín igbó tí wọ́n fúnra wọn gbìn. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjà. Láti orí ìyá àgbà àti igi ló ti bẹ̀rẹ̀.

A kò ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Nike Davies-Okundaye, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kọ́ ní àdìrẹ, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ó sì ń kọ́ ènìyàn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba Ítálì pè é kó wá kọ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ti kó sí òwò aṣẹ́wó lọ́hùn-ún ní iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n lè fi bọ́ lọ́wọ́ ìyà, Ítálì sì fi oyè dá a lọ́lá ní 2006. Àjálù tí àwọn obìnrin náà bọ́ sí kì í ṣe ti iná tàbí ti omi, ṣùgbọ́n àjálù ni, iṣẹ́ ọwọ́ sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi nà wọ́n lọ́wọ́ jáde.

Àjálù tiwa: 1969 àti 2020

Mo padà sílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò. Ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ pọ̀ jọjọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn, pàápàá ní àwọn ọjà ìhà àríwá Gánà. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kò rí i gbà. Ìdílé tí ọmọ rẹ̀ kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ rí já wọ ìlú pẹ̀lú ẹrù tí orí lè rù. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú èyí ṣe kedere: ọjà tí a kó sínú ṣọ́ọ̀bù ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni, àwìn ṣeé jẹ mọ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ́bodè tó lè gba ohun tí ọwọ́ ẹni mọ̀. Ìdílé tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjà títà nìkan, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọjà àtijọ́ tó wà nítòsí ààfin. Oṣù kẹta ọdún náà kò parí tí àrùn kòrónà fi ti ilẹ̀kùn ọjà pa ní ibi púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọjà Akẹ̀sán kọ́, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi oníṣòwò èyíkéyìí: ilé ọjà ṣeé fi bíríkì kọ́; owó òkòwò tó jóná, oníbàárà tó ti gba ibòmíràn lọ, gbèsè tí a fi ra ọjà tó di eérú, bíríkì kò lè kọ́ àwọn wọ̀nyẹn. A ń kọ́ ibi tí a ti ń tà. A kì í sáábà kọ́ ibi tí a ti ń ṣe ohun tí a ó tà. Ọjà tó kún fún ẹrù tí ìlú mìíràn ṣe, bó bá jóná, a ó tún yáwó lọ ra ẹrù ìlú mìíràn náà ni.

Ohun tí a lè ṣe

Mo ní ìmọ̀ràn márùn-ún.

Èkíní, kí a gbin elú. Igbó tí àwọn ìyá wa ti ń já a ń di ilé àti oko. Ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn obìnrin aláró fúnra wọn ni ín ní orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bengal ni a ó máa rántí: ẹni tó ni oko ló ni iṣẹ́.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn aláró dìde ní ìlú méjèèjì, kó máa fi owó kékeré yá ọmọ ẹgbẹ́, kó sì máa ra òwú àti aṣọ funfun lápapọ̀ kí alágbàtà má bàa fi àwìn dè wọ́n. Èsúsú ti kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ní àmì tirẹ̀, kí aṣọ tó bá ń ṣá má gba àmì náà. Yunifásítì LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ibẹ̀ lè bá aláró fọ aṣọ, kí wọ́n sá a, kí wọ́n sì sọ èyí tó dúró. Kí ẹni tó bá ń lo sódà pẹ̀lú kọ́ bí a ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́, àti bí a kò ṣe gbọdọ̀ da omi rẹ̀ sínú odò tí ọmọ ẹlòmíràn ń mu.

Ẹ̀kẹrin, kí a jẹ́ oníbàárà ara wa. Bí ilé ẹ̀kọ́, ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ tó ń ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá bá lè ra ìpín díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ aláró àdúgbò, ọjà ti wà kí a tó dé òkè òkun.

Ẹ̀karùn-ún, kí àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ wa fi ibi iṣẹ́ sínú ètò rẹ̀, kó má ṣe mọ sórí búláńkẹ́ẹ̀tì àti ìrẹsì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àjálù ti ṣẹlẹ̀, kí ìbéèrè tó kàn jẹ́: iṣẹ́ wo ni àwọn ènìyàn yìí mọ̀, kí ni wọ́n ń fẹ́ láti tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Fún àwọn kan yóò jẹ́ aró. Fún òmíràn yóò jẹ́ igbá fífín, awọ, irin tàbí òfì. Aró ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ọwọ́ tó ń gbà pọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlú wa méjèèjì jẹ́ ìlú tí àwọn tó pàdánù ohun gbogbo sọ di ńlá. Àwọn ìsáǹsá Ọ̀yọ́-Ilé kò ní báńkì, wọn kò ní àjọ ìrànwọ́, wọ́n ní ìmọ̀ ọwọ́ àti ara wọn. Àwa ní ilé ẹ̀kọ́, a ní ìjọba, a ní ọ̀nà, a sì ń jẹ́ kí ìmọ̀ náà kú pẹ̀lú ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan tí a ń sin pẹ̀lú ìlù àti àríyá. Ìyẹn kò bójú mu.

Nítorí náà mo bẹ yín. Ẹ̀yin ọba, ẹ fún wọn ní ilẹ̀. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ fi sínú ìwé ìṣúná, kó má jẹ́ ẹnu lásán. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá aláró nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ arúgbó ni. Àjálù mìíràn lè ṣẹlẹ̀; kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dé, ṣùgbọ́n kò bá wa dájọ́. Iṣẹ́ tí a bá gbé dìde lónìí ni a ó ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.